Mẹ́mọ́rì Tó Kún Kì Í Ṣe Àìsàn

Bí kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Okpomèta, ní agbègbè Kétu ní Benin níbí, ìmọ̀ràn kan náà ni yóò gbọ́, ì báà jẹ́ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tó wá lo ìsinmi nílé, ì báà jẹ́ lẹ́nu ẹni tí ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Wọn á ní: "Mẹ́mọ́rì rẹ ló kún. Lọ wá ètò tí yóò máa bá ọ fọ̀ ọ́, ọ̀fẹ́ ni." Bí onítọ̀hún bá béèrè pé ṣé nǹkan náà kò léwu, èsì ti wà lẹ́nu wọn: gbogbo ayé ló ń lò ó, àńtífáírọ́ọ̀sì kò pariwo, kò sì gba fránkì kan lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí. Mo lòdì sí èrò yìí láti ìpìlẹ̀ rẹ̀ títí dé òrùlé, mo sì mọ̀ pé àwọn tí mo ń bá wí pọ̀ jù mí lọ. Àwọn olùkọ́ wà níbẹ̀, àwọn akọ̀wé, àwọn tí ń tẹ ìwé fún ará ìlú, títí kan àwọn tó gboyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìdí pàtàkì tí mo fi ń kọ̀wé ni pé ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè gan-an ló wọ́. Wọ́n ń béèrè bóyá fáírọ́ọ̀sì wà nínú oògùn náà, wọn kò béèrè bóyá ara ń ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kàn mí. Èdè Faransé ń pe ìwé àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ kó tó gboyè ní mémoire, orúkọ kan náà ló sì ń pe ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ ti àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí RAM rẹ̀ kò ju gígábáìtì 4 lọ. Ẹ̀rọ náà ń fà. Wọ́n fún un ní ìmọ̀ràn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yìí, ó sì gbà á. Kò pé tí ó fi ètò ọ̀fẹ́ náà sórí ẹ̀rọ tí àkọlé pupa fi yọ sí i lójú pé àṣìṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún ló wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, pé kó sanwó kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Ètò méjì mìíràn tí kò pè bá a wọlé. Ìpolówó bẹ̀rẹ̀ sí í já lu ìpolówó. Nígbà tí a máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, àfi kí wọ́n nu gbogbo rẹ̀ nù kí wọ́n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Orí kejì ìwé rẹ̀ bá a lọ. Ó ti ṣe àyẹ̀wò kó tó fi ètò náà síbẹ̀ o. Àńtífáírọ́ọ̀sì kò rí nǹkan kan.

Kí ni mẹ́mọ́rì yìí tí gbogbo wa ń sá fún pé ó kún? Ẹ wo ìyá tí ń ta ọjà. Ọjà rẹ̀ gbogbo wà nílé, ó wà nínú àpò, ó wà nínú apẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó kó èyí tí àwọn oníbàárà máa ń béèrè wá sí orí àtẹ: ata lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀, gààrí lọ́tọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó o bí ẹni kan bá pè é. Àtẹ yẹn ni RAM. Ilé tí ìyókù wà ni hard disk. Ìyá tó mọ ọjà tà kì í fi àtẹ sílẹ̀ lófìfo, nítorí ààyè tó ṣófo lórí àtẹ kò pa owó kankan wọlé. Bí oníbàárà bá béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀, á gbé èyí tí kò yá kúrò, á fi èyí tí wọ́n béèrè dípò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń kọ́ ọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Windows ń ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni Linux tí Android dúró lé lórí. Wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan kún inú mẹ́mọ́rì. Fáìlì tí ẹ lò láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀ kó lè tètè ṣí bí ẹ bá padà sí i lọ́sàn-án, bí ètò tuntun bá sì nílò ààyè, wọ́n á yọ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́, wọ́n á fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó kọ Windows àti Linux ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú sí ohun tó yẹ kó dúró àti ohun tó yẹ kó kúrò. Ètò kékeré tí ẹ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lánàá kò mọ ohun tí ẹ ń lò ju bí Windows ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

Kí wá ni afọmẹ́mọ́rì ń ṣe nígbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀? Ó ń dé bí àlejò tó dìde nínú ọjà, tó gbá gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ìyá ọlọ́jà jọ, tó kó o padà sílé, tó wá ń pariwo pé, "Ẹ wò ó, àtẹ yín ti fẹ̀!" Lóòótọ́ ó ti fẹ̀. Nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà ti wálẹ̀ láti 85 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, ojú ẹni sì ń dùn. Ṣùgbọ́n oníbàárà kejì ti dé, ata ló ń béèrè, ata ti wà nílé. Lórí Windows, ohun tí púpọ̀ nínú wọn ń ṣe kò ju pé wọ́n ń pàṣẹ kí ètò kọ̀ọ̀kan sọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn náà, ètò wọ̀nyí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ohun tí wọ́n sọ nù jọ, nígbà mìíràn láti orí hard disk.

Ó yẹ kí ẹ mọ bí ìrìn-àjò yẹn ṣe jìn tó. Kọ̀ǹpútà ń mú nǹkan nínú RAM láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Hard disk àtijọ́ tí ń yí, irú èyí tó wà nínú púpọ̀ nínú àlòkù tí à ń lò, ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlọ́po 100,000 nìyẹn. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni ìyá wa fi ń mú ata lórí àtẹ, yóò ju wákàtí 27 lọ kó tó mú un dé láti ilé. Ohun tí ẹ fi ń wá ìyára ló ń dá ẹ̀rọ yín dúró. Lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: áàpù tí wọ́n pa á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè nígbà tí ẹ bá pè é, bátìrì ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Àwọn ọ̀mọ̀wé ló ń sọ èyí. Èmi fojú mi rí i pé ẹ̀rọ mi yá sí i." Mo gbà pé wọ́n rí nǹkan. Ẹni tó bá ní ètò kan tó ti bàjẹ́, tó ń jẹ mẹ́mọ́rì láìdá a padà, lè rí ìtura díẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ti ètò yẹn pa ká tún un ṣí, tàbí ká pa kọ̀ǹpútà ká tàn án padà, máa ń fúnni ní ìtura tó ju ìyẹn lọ, láìmú àlejò kankan wọlé. Ní ti ohun tí ojú ń rí, ìtàn kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà gbàgbé.

Ní 1995, nígbà tí Windows 95 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde tí RAM sì wọ́n bí ojú, ilé-iṣẹ́ kan ní California tí ń jẹ́ Syncronys Softcorp gbé ètò kan jáde tó pè ní SoftRAM95. Ó ṣèlérí pé òun yóò sọ mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà di ìlọ́po méjì láìra RAM kankan. Àwọn ènìyàn rà á, ó ju ẹ̀dà 600,000 lọ. Wọ́n fi owó rà á, wọ́n fi sórí ẹ̀rọ wọn, ọ̀pọ̀ sì búra pé ẹ̀rọ àwọn yá sí i. Nígbà tí àwọn amòye tú u palẹ̀, lára wọn Mark Russinovich àti Bryce Cogswell, wọ́n rí i pé kò fi nǹkan kan kún mẹ́mọ́rì rárá lórí Windows 95. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ìdáàbòbò àwọn oníbàárà, FTC, ní 1996.

Kò sí fáírọ́ọ̀sì nínú SoftRAM95. Bí ẹ bá gbé e fún gbogbo àńtífáírọ́ọ̀sì ayé lónìí kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí èyí tó yẹ kó rí ohun tí yóò pariwo lé lórí, nítorí irọ́ kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Òpó kan nínú mẹ́ta tí èrò àwọn ènìyàn wa dúró lé ti wó níbẹ̀ yẹn. Àńtífáírọ́ọ̀sì lè sọ fún yín pé òun kò rí olè tí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lè sọ fún yín pé iṣẹ́ tí àlejò sọ pé òun wá ṣe, òun ló ń ṣe lóòótọ́.

Òpó kejì ni pé gbogbo ayé ló ń lò ó. Clean Master, áàpù ilé-iṣẹ́ Cheetah Mobile ti orílẹ̀-èdè China, wà lórí fóònù káàkiri Áfíríkà nígbà kan. Iye ìgbà tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ní àgbáyé ju bílíọ̀nù kan lọ. Iṣẹ́ tó sọ pé òun ń ṣe ni pé òun ń gbá ìdọ̀tí, òun ń tú mẹ́mọ́rì sílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ìwádìí tí ìwé ìròyìn BuzzFeed News gbé jáde sọ pé àwọn áàpù ilé-iṣẹ́ náà ń ṣọ́ ìgbà tí onífóònù bá gba áàpù tuntun, kí wọ́n lè gba owó ìpolówó tí kò tọ́ sí wọn. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn. Ní oṣù kejì ọdún 2020, Google yọ àwọn áàpù rẹ̀ kúrò nínú Play Store. Gbogbo èrò yẹn kò yẹ nǹkan kan wò. Olúkúlùkù wọn gbójú lé ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ẹni tó ṣáájú náà sì ti gbójú lé ẹlòmíràn.

Ẹ̀rí tó burú jù kò tíì dé. Èyí ló sì yẹ kó mú kí àwọn tó ní làákàyè jù láàárín àwọn tí mò ń bá wí tún ìrònú wọn ṣe, àwọn tó máa ń sọ pé: "Èmi kì í gba nǹkan ní ibi tí mi ò mọ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é gan-an ni mo ti ń gbà á, mo sì ń wo òǹtẹ̀ rẹ̀." Ìwà tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí CCleaner. Ilé-iṣẹ́ Piriform ní London ló ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn ètò ọ̀fẹ́ tí orúkọ rẹ̀ dára jù fún gbígbá ìdọ̀tí inú kọ̀ǹpútà. Ní oṣù keje ọdún 2017, ilé-iṣẹ́ àńtífáírọ́ọ̀sì Avast ra Piriform. Àwọn olè ti wọ inú ẹ̀rọ Piriform láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ẹ̀dà 5.33 jáde láti orísun rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú òǹtẹ̀ tòótọ́ tí kò ní àbùkù, oró sì wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 2.27 ló gbà á. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan kí ilé-iṣẹ́ Morphisec àti àwọn olùwádìí Talos ti Cisco tó tú àṣírí rẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá bíi Samsung, Sony, Intel àti Microsoft ni àwọn olè náà dájú sọ, pé wọ́n kàn fi ẹ̀rọ àwọn mẹ̀kúnnù ṣe afárá ni.

Orísun tọ̀nà. Òǹtẹ̀ tọ̀nà. Àńtífáírọ́ọ̀sì dákẹ́, kódà ilé-iṣẹ́ àńtífáírọ́ọ̀sì ló ni ètò náà. Gbogbo ayé ń lò ó. Kò sí ìdánwò kan nínú èyí tí àwọn tó ní kò léwu ń gbẹ́kẹ̀ lé tí CCleaner 5.33 kò yege nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè wá bi mí pé: bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sí ètò kankan tó ṣeé fọkàn tán nìyẹn, ṣé ká máa lo kọ̀ǹpútà láìní nǹkan kan lórí rẹ̀ ni? Ìbéèrè gidi ni, èsì rẹ̀ sì wà nítòsí wa ní Kétu. Àwọn baba wa mọ odi yí ìlú ká, wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n sì ṣe Àkàbà Ìdénà, ẹnu-ọ̀nà onílẹ̀kùn méjì tó ṣì ń fa àwọn àlejò wá wòran títí di òní. Ìdí tí wọ́n fi fi ilẹ̀kùn lé ilẹ̀kùn níbẹ̀ ni pé ibi tí odi ti rọ jù ni ẹnu-ọ̀nà. Ẹni tó mọ odi kò jẹ́ lu ihò sí i lára láìnídìí, bó ti wù kí ẹni tó fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé rẹ́rìn-ín tó. Pẹ̀lú gbogbo ìṣọ́ra yẹn náà, ogun Dahomey kó Kétu ní 1886. Gbogbo ètò tí ẹ bá fi sórí kọ̀ǹpútà jẹ́ ihò lára odi. Ètò tí ẹ fi ń tẹ̀wé, ihò ni, ṣùgbọ́n ẹ nílò rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, ihò ni, ẹ nílò òun náà. Afọmẹ́mọ́rì jẹ́ ihò tí kò sí ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé fún yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká kọ́kọ́ béèrè bóyá a nílò rẹ̀, ká tó béèrè bóyá ó léwu.

Ó ku òpó kẹta: ọ̀fẹ́ ni. Mi ò sí lára àwọn tí ń sọ pé ohun ọ̀fẹ́ kò dára. Ọ̀fẹ́ ni Linux, àwọn ẹ̀rọ tó lágbára jù láyé ló sì ń lò ó. RAMMap, ètò kan tí àwọn Russinovich tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kọ, ọ̀fẹ́ ni. Yóò fi ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì yín hàn yín bó ṣe rí gan-an, kò sì ní purọ́ fún yín. Ẹni tó ń fún wa ní ọ̀fẹ́ láìsọ ibi tí oúnjẹ tirẹ̀ ti ń wá ni mò ń bá wí. Àwọn àgbà ní bí ẹnìkan bá ní òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o wò. Avast tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ní àńtífáírọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ló hàn sí gbogbo ayé pé ẹ̀ka rẹ̀ tí ń jẹ́ Jumpshot ń ta àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ń lọ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní 2024, FTC ní kó san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là. Ní 2019, ilé ìtajà Office Depot àti ilé-iṣẹ́ Support.com ní Amẹ́ríkà gbà láti san mílíọ̀nù 35 dọ́là pọ̀, nítorí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́ fún oníbàárà, ìbéèrè mẹ́rin sì wà níbẹ̀rẹ̀: ṣé ẹ̀rọ rẹ ń fà, ṣé ìpolówó ń yọ jù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí oníbàárà bá ti fàmì sí ẹyọ kan péré, ètò náà á sọ pé òun rí àmì oró, láìwo inú ẹ̀rọ. Àkọlé pupa tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rí, ìbátan èyí ni.

Ní Benin, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ owó yìí yé wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ìjọba fi owó-orí fránkì 5 lé mégábáìtì kọ̀ọ̀kan tí a bá lò lórí Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo sọ, wọ́n pariwo láti Cotonou títí dé abúlé, ìjọba sì yí i padà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìdí tí a fi pariwo ni pé a mọ iye tí mégábáìtì ń jẹ́. Kí ló wá dé tí ènìyàn kan náà fi ń jẹ́ kí afọmẹ́mọ́rì máa gba ìpolówó wálé tọ̀sán-tòru lórí mégábáìtì tó fi owó ara rẹ̀ rà? Orí fóònù yẹn náà sì ni owó MoMo wa wà. Bí áàpù tó ní òun ń fọ mẹ́mọ́rì bá tún ń tọrọ àṣẹ láti ka ojú fóònù àti láti tẹ bọ́tìnì dípò yín, ẹ bi í pé kí ni fífọ mẹ́mọ́rì fẹ́ fi nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ MoMo yín ṣe.

Òfin wà. Benin ní òfin lórí ọ̀rọ̀ íńtánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà láti 2018, àjọ APDP sì wà fún ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ àṣírí ará ìlú. Ṣùgbọ́n òfin ń béèrè bóyá ẹ gbà, ẹ sì ti tẹ J'accepte lábẹ́ ojú-ewé gígùn tí ìyá wa kò lè kà, tí èmi náà kì í kà tán.

Àtakò kan wà tí mi ò ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ẹni tí ń sọ ọ́ ń sọ òtítọ́ ayé rẹ̀. Á ní: "Ìwọ tó lówó lè ra RAM. Èmi kò ní. Ohun ọ̀fẹ́ nìkan ni mo ní." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó gan-an ni kò yẹ kó dán èyí wò. Ọlọ́rọ̀ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá bàjẹ́ á ra òmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Université Nationale d'Agriculture ní Kétu tí iṣẹ́ ọdún kan rẹ̀ bá parẹ́ kò ní ibi tí yóò yà sí. Oògùn tòótọ́ tí kò gba kọ́bọ̀ sì wà. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc papọ̀, Windows yóò fi hàn yín ohun tí ń jẹ mẹ́mọ́rì yín gan-an. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ogún tí ẹ ṣí sílẹ̀ láìtì ni, tàbí àwọn ètò tí ń bá kọ̀ǹpútà jí láàárọ̀ láìjẹ́ pé ẹ pè wọ́n. Ẹ ti àkọ́kọ́ pa, ẹ dá èkejì dúró. Bí owó bá wá wọlé lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, RAM àlòkù kan tàbí SSD kékeré yóò ṣe ohun tí ètò ọ̀fẹ́ ẹgbẹ̀rún kan kò lè ṣe.

Àwọn mìíràn á ní Microsoft fúnra rẹ̀ gbé PC Manager jáde, bọ́tìnì tí ń tú mẹ́mọ́rì sílẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí mílíọ̀nù ènìyàn ń béèrè bọ́tìnì lọ́wọ́ rẹ̀ á fún wọn ní bọ́tìnì. Mo gbà pé kò léwu bíi ti àjèjì. Mi ò gbà pé ó sọ mẹ́mọ́rì tó kún di àìsàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Okpomèta, ní Idigny, ní Adakplamé, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀ jù lọ. Ọ̀rọ̀ yín làwọn ènìyàn ń gbà gbọ́. Bí ìyá arúgbó bá gbé fóònù rẹ̀ wá tó ní ó ń fà, ẹ má ṣe fi afọmẹ́mọ́rì sí i láti fi hàn án pé ẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà fún un, kí ẹ sì gba owó iṣẹ́ yín lórí òótọ́ tí ẹ sọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ ṣí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín, ẹ wo bóyá ọ̀kan nínú àwọn ètò wọ̀nyí wà níbẹ̀. Bó bá wà, ẹ yọ ọ́.